Igi Máńgòrò Ọ̀nà Ara

Bí èèyàn bá ń wá àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹdẹ ní ọ̀sán Sátidé, kó yáa gba ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù lọ. Kó má wulẹ̀ yà sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi tí Díákónì Ọládipúpọ̀ ti ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Télọ̀ ni Díákónì; ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń to àga mẹ́wàá síbẹ̀, tí mẹ́jọ nínú wọn kì í rí ẹni jókòó lé wọn. Àwọn tó tiẹ̀ wá ńkọ́? Ọ̀kan wá nítorí ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́. Òmíràn wá títí wọ́n fi bá a kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí tó ń wá lọ́dọ̀ ìjọ, a ò sì rí i mọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti fẹ́ ṣe ìtẹ̀bọmi, Díákónì a rán aṣọ funfun fún un lọ́fẹ̀ẹ́, a sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká etí aṣọ náà.

Ẹnikẹ́ni ò mọ ìdí tí kò fi jáwọ́, Olúfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ gan-an ò mọ̀. Nínú ìjọ wọn, kí wọ́n tó tẹ èèyàn bọmi, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ dìde níwájú gbogbo ìjọ, kó sọ bí òun ṣe bá Olúwa pàdé. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Ọládipúpọ̀ nígbà tó kàn án, kò sì tíì bá ẹnikẹ́ni pàdé. Ó ti gbààwẹ̀, ó ti sunkún, pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ tí ọjọ́ pé, ó dìde, ó sọ ìtàn olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ bí ẹni pé tirẹ̀ ni: pé òun ń bọ̀ láti ìlú Ara, òjò ká òun mọ́nà, òun sá sábẹ́ igi máńgòrò, òun gbọ́ orúkọ òun lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ohun tó wúwo lọ́kàn òun sì fúyẹ́. Ìjọ ké "Àmín!" Olùkọ́ náà mọ ìtàn ara rẹ̀ dájú, ṣùgbọ́n ó kàn gbá a léjìká ni. "Má dààmú," ó ní, "á dé."

Kò dé. Ó ti lé lógójì ọdún, kò dé. Ọkùnrin yìí ò mutí, kò jalè, kì í pa ìsìn jẹ, inú rẹ̀ sì ṣófo bí ilé tí ayálégbé ti kó kúrò. Ó ti gbà pé ti òun ti bọ́. Ohun tó ń tù ú nínú ni pé olùkọ́ òun rí i. Ohun tó kù tó ń fẹ́ láyé kò ju pé kí ọ̀kan péré nínú àwọn ọmọ tó ń kọ́ rí i pẹ̀lú, kó wá sọ fún òun bó ṣe rí.

Dámilọ́lá ló fọkàn sí. Ọlọ́kadà ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, kò sì pa kíláàsì jẹ fún ọdún mẹ́ta. "Bàbá, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ tó bá dé?" ni ìbéèrè rẹ̀ nígbà gbogbo. Ìgbàkígbà tó bá sì béèrè, Díákónì a tún sọ ti igi máńgòrò fún un, nítorí kò ní òmíràn.

Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n ṣe ìpàdé ìjọ, Dámilọ́lá dìde. Díákónì rọra fà síwájú lórí àga.

"Mo gbé èrò lọ sí Ara. Bí mo ṣe ń bọ̀ ni òjò ká mi mọ́nà. Mo wá sá sábẹ́ igi máńgòrò kan…"

Díákónì dá ìtàn náà mọ̀. Ó ń bẹ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ pé kí ọmọ yìí ṣáà yà níbì kan, kó sọ gbólóhùn kan tó jẹ́ tirẹ̀. Kò yà. Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, ó jókòó.

"Àmín!"

Pásítọ̀ yíjú sí Díákónì. "Díákónì, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ. Ṣé ẹ jẹ́rìí sí i?"

Ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ pé rárá? "Mo jẹ́rìí sí i," ló wí.

Nígbà tí wọ́n jáde, Màmá Àdùnní, tó dàgbà jù nínú ìjọ, fi ọ̀pá dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rín ń pa ìyá.

"Ọládipúpọ̀, máńgòrò yẹn mà ń so o! Ìkẹrin rèé tí mo máa gbọ́ ọ."

"Ìkẹta ni, Màmá," ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìkẹrin ni. Kí olùkọ́ rẹ tó sọ ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kọ́ òun náà. Ọmọge ni mí nígbà yẹn." Ó tẹ ọ̀pá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Díákónì ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Dámilọ́lá ti bá a, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyanrìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tiyín ni mo sọ. Mo retí retí, nǹkan kan ò wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin rí i. Pé ẹ̀yin rí i, ó tó mi."

Òótọ́ ti dé orí ahọ́n Díákónì: èmi ò rí i, ẹni tó kọ́ mi ò rí i. Ó wo ojú ọmọ náà tó gbé sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò láyà rẹ̀, ó sì gbá a léjìká.

"Má dààmú," ó ní, "á dé."

Ó wá yára lọ sílé, nítorí kò tíì ká etí aṣọ funfun tí Dámilọ́lá máa fi ṣe ìtẹ̀bọmi tán.