Ìsàlẹ̀ Ẹ̀ẹ̀kan, Àárín Ẹ̀ẹ̀mejì

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Gbogbo ẹni tó bá gbé dikódà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀rọ yìí ló dédé pa bọ́ọ̀lù mi rẹ́." Irọ́ ni! Ẹ̀rọ kì í dédé ṣe nǹkan. Bí inú rẹ̀ bá kún, èyí tó pẹ́ jù tẹ́ ò fi nọ́ńbà tì ló máa kọ́kọ́ lé jáde, kó lè ráyè fún tuntun. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ta dikódà tó ń gba ètò sílẹ̀, ìkìlọ̀ kan náà ni mo sì ń ṣe fún oníbàárà. Ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn, ẹ tì í. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn jù, ẹ fi fóònù yà á lójú tẹlifíṣàn, torí pé ẹ ò lè dà á sínú nǹkan míì. Inú àpótí yẹn ló wà, inú ẹ̀ náà ló máa kú sí.

Ó dáa, ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi ọ̀gá onímọ̀ yìí ṣe fún ìyá tó bí mi.

Àbúrò mi kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì ni. Wọ́n pè é sórí tẹlifíṣàn láàárọ̀ ọjọ́ kan, kó wá sọ bí abiyamọ ṣe lè mọ̀ tí ibà ọmọ bá ti ń di ewu. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni. Màmá ní kí n gbà á sílẹ̀, mo gbà á. Àbúrò mi jókòó sórí àga pupa, ó ń fọwọ́ tún kọ́là ẹ̀ ṣe ṣáá. Nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà, ó ní, "Màmá mi ń wò mí o, ẹ jẹ́ n kí wọn." A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Òṣèré la bẹ̀rẹ̀ sí í pè é.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ láti ibi iṣẹ́ já sínú odò. Fóònù ẹ̀ bá a lọ, tòun ti gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Fóònù ti Màmá, onítọ́ọ̀ṣì ni; tèmi, mi ò tọ́jú nǹkan kan síbẹ̀. Ta ló ń tọ́jú ohùn ẹni tó máa rí lọ́la? Mo lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn náà. Ọ̀gá kan níbẹ̀ ní àwọn kì í tọ́jú ètò àárọ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ. Bó ṣe di pé ìṣẹ́jú mẹ́rin inú dikódà ló ṣẹ́ kù fún Màmá nìyẹn.

Ojoojúmọ́, tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Màmá á jókòó, wọ́n á wo ọmọ wọn. Tó bá parí, ẹ̀rọ á to ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú tẹlifíṣàn, ọ̀kan lábẹ́ èkejì: tún wò ó, tọ́jú ẹ̀, pa á rẹ́. Màmá ò mọ̀wé kà. Òǹkà ni mo kọ́ wọn lórí bọ́tìnì rìmóòtù: "Ìsàlẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, àárín ẹ̀ẹ̀mejì." Ìsàlẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan máa gbé wọn dórí "tọ́jú ẹ̀". Àárín àkọ́kọ́ máa mú un, ẹ̀rọ á ní òun ti gbọ́, àárín kejì á sì gbé wọn jáde. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é, wọn ò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Kí ló dé tí mi ò tì í? Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ni ẹ̀rọ máa ń béèrè kó tó ṣí ohun téèyàn tì, mi ò sì fẹ́ kí Màmá máa há nọ́ńbà sórí. Fóònù ńkọ́? Mo ní mo máa yà á ní Sọ́ńdè. Sọ́ńdè yìí, oníbàárà pè mí. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó rẹ̀ mí. Ẹ bú mi, mo tọ́ sí i.

Ní Sátidé kan, Màmá ní ẹ̀rọ náà ti ń lọ́ra, pé àwòrán á kàn dúró gbagidi níbi tí ọmọ òun ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Ìwé kan ti yọ lójú tẹlifíṣàn: ilé iṣẹ́ tó ṣe dikódà fẹ́ fi àtúnṣe tuntun ránṣẹ́ sí i, ṣé a gbà? Mi ò ka ìlà kan níbẹ̀. Mo tẹ "mo gbà", àfi wàrà, ẹ̀rọ ń sáré. Màmá ṣàdúrà fún mi, mo jẹun, mo bá tèmi lọ.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, fóònù mi dún.

"Onídikódà, máa bọ̀. Mi ò rí i mọ́."

Mo bá wọn lórí àga, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di rìmóòtù mú. "Bó o ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é," wọ́n ní. "Ìsàlẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, àárín ẹ̀ẹ̀mejì. Mi ò ṣì í."

Mo gba rìmóòtù. Mo sáré wo eré kan dé ìparí, kí n lè rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Àtúnṣe ọ̀sán yẹn ti tún un tò. "Pa á rẹ́" ló wà níbi tí "tọ́jú ẹ̀" wà tẹ́lẹ̀. Àárín àkọ́kọ́ ní kó pa á rẹ́. Ẹ̀rọ bi Màmá pé ṣó dá wọn lójú. Àárín kejì ní bẹ́ẹ̀ ni. Yéè, mo gbé!

"Àbí ọwọ́ mi ni mo fi pa á rẹ́?" Màmá bi mí.

"Rárá o, Màmá," mo ní. "Ẹ̀rọ ló bàjẹ́."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́ o. Ẹ̀rù ti bà mí. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ṣebí iṣẹ́ ẹ nìyẹn? Gbé e lọ, kó o tún un ṣe."

Mo gbé e lọ. Mo tú u, mo gbé ikùn ẹ̀ tó ń tọ́jú ètò lọ bá ọ̀rẹ́ mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Òkùnkùn lásán ló rí. Ní gbogbo aago mẹ́rin, Màmá á pè: "Ṣó ti jí?" Èmi náà á ní, "Ó ku díẹ̀, Màmá." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó rọra fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara Màmá yá? Wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ àga, wọ́n ní ọmọ àwọn ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí."

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé oṣù kan. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gbé dikódà náà, mo lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá mi. Mo sọ gbogbo ẹ̀, látorí ìwé tí mi ò kà dórí àwọn Sọ́ńdè yẹn. Mo ní kò sí i mọ́, kò sì lè jí. Ó wù mí kí wọ́n gbá mi létí.

"Ohun tí wọ́n kọ yẹn," wọ́n ní, "ṣé ó gùn?"

"Ìlà mẹ́fà ni, Màmá."

"Ìlà mẹ́fà."

Wọ́n ní kí n so ẹ̀rọ náà padà, mo so ó. Wọ́n mú rìmóòtù, wọ́n sì fi ìka wá bọ́tìnì àárín kàn.

"Kọ́ mi ní ti tuntun," wọ́n ní, "kí n má tún pa ẹlòmíràn."

"Ìsàlẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, Màmá. Àárín ẹ̀ẹ̀mejì."

Wọ́n ń fẹnu kà á, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Eré tí wọn kì í wò nìkan ló kù nínú àpótí náà. Wọ́n tọ́jú gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ṣì í.