Aláìsàn Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọdún márùn-ún gbáko ni Smaranda Vultur ti fi ń kọ́ iṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn ńlá kan ní Iași, ìlú kan lórílẹ̀-èdè Romania, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ ni kó di irin mú. Irin tí wọ́n fi ń ya ojú ọgbẹ́ kí ọ̀gá lè ráyè ṣiṣẹ́ ni mò ń wí. Ó ti dì í mú títí apá òsì rẹ̀ fi ki ju apá ọ̀tún lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba ní kí dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ máa kọ iṣẹ́ abẹ tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí, ẹ ó rí i pé ó ti ṣe ọgọ́ta. Ọ̀jọ̀gbọ́n Octavian Hriscu ló fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀. Irọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Kò tíì sí ẹyọ kan tí Smaranda bẹ̀rẹ̀ tó sì parí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń pè é ní irọ́. Ọ̀gá á ṣiṣẹ́ tán, á bọ́ ìbọ̀wọ́, á ní, "Kọ orúkọ rẹ sí i, ọmọ mi," bí ẹni tó ń fún ọmọdé ní bisikíìtì. Ọmọ á sì dúpẹ́. Smaranda náà ti dúpẹ́ nígbà ọgọ́ta.

Bóyá ì bá ṣì máa dúpẹ́ lọ bí kì í bá ṣe lẹ́tà tó dé lóṣù Kẹta. Wọ́n ní bó bá ti ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, ìlú kékeré kan lẹ́bàá ààlà ló ń lọ, òun nìkan ni yóò sì jẹ́ oníṣẹ́ abẹ níbẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Smaranda kò ti balẹ̀ mọ́. Bó bá ń jẹun, bó bá ń wọ ọkọ̀, ó máa ń rò ó pé wọ́n gbé ẹnì kan tí ìfun rẹ̀ ti lọ́ wọlé, gbogbo nọ́ọ̀sì ń wo òun lójú, òun náà ń wẹ̀yìn bóyá Ọ̀jọ̀gbọ́n ń bọ̀. Iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo ló ń wá kó tó lọ, ìpá lásán, èyí tí yóò là tí yóò sì rán, tí ẹnikẹ́ni kò ní gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú, ìyẹn gan-an ló sì ń bíni nínú. Ó rẹ́rìn-ín, ó fún un ní kọfí, ó ní àwọn aláìsàn ni kò gbà, pé gbogbo wọn ló ń bẹ òun pé kó jẹ́ ọwọ́ òun ló máa kan àwọn, òun sì ti ṣèlérí fún wọn. Ó wá ronú díẹ̀.

"Ṣùgbọ́n bí o bá lè rí ẹni tó máa gbà ká la òun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ó wí, "tìẹ ni. Mi ò ní yọjú."

Ẹni tó bá mọ àwọn ará Iași á mọ̀ pé yẹ̀yẹ́ ló fẹ́ẹ̀ fi í ṣe. Orúkọ rere ni èdè wa fún ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, wákàtí burúkú mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ èwo ni. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò lọ́jọ́ náà, wọn kì í dáṣọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kí wọ́n gbé ikùn fún ọ̀bẹ. Yàrá iṣẹ́ abẹ máa ń dá páropáro bó bá ti di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun máa ń mú ìwé ìròyìn wá, á kà á títí kan ìkéde òkú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Smaranda fi ń bẹ̀bẹ̀ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Awakọ̀ kan ṣe àmì àgbélébùú, ó sì yíjú sí ògiri. Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní yunifásítì sọ fún un pé òun ò gba nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́ rárá, pé ọ̀rọ̀ àwọn ará oko ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣáà jẹ́ kó di Ọjọ́rú. Tiberiu tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ ń bi í lójoojúmọ́ pé ṣé ọkọ ló ń wá ni àbí aláìsàn.

Bàbá Gavril Pânzaru ló gbà níkẹyìn. Ọ̀ṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ìpá kan sì ń yọ ọ́ lẹ́nu lábẹ́ ikùn lápá ọ̀tún.

"Ogójì ọdún ni mo fi ń fi àsíá jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin kọjá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun," ó wí. "Kò sí ọ̀kan tó ṣubú. Ẹ là mí jàre."

Smaranda kò fẹ́ tàn án. "Bàbá, èmi ni màá là yín o, kì í ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹ̀yin ni àkọ́kọ́ tí màá dá ṣe."

Bàbá wo ìka ọwọ́ Smaranda. "Ojú yín ńkọ́, ṣé ó ríran?"

"Ó ríran dáadáa."

"Ó parí."

Màmá Aglaia, ìyàwó bàbá, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bó ẹyin fún ọkọ rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí ìyẹn ti fu Smaranda lára, ṣùgbọ́n ayọ̀ ti gbà á lọ́kàn. Ó ra ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rin lọ́jà láti fi dánra wò, ó gé e, ó rán an, ó tú u, ó tún un rán, ó sì fi aáyù sè é jẹ nígbà tó parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oorun gbé bàbá lọ, Àǹtí Profira tí í ṣe nọ́ọ̀sì àgbà sì fi ọ̀bẹ lé Smaranda lọ́wọ́. Ó la awọ. Ó la ọ̀rá. Ó dé ibi awọ funfun líle tó wà lábẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ sunkún, kì í ṣe ìbẹ̀rù rárá.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, omi ń kán ní ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ máa ṣe é lọ, mo kàn wá kí yín ni," ó wí.

Ẹni tó wá kíni kì í fọ ọwọ́ dé ìgúnpá bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ. Àǹtí Profira wọ aṣọ fún un, ó so ó lẹ́yìn, kò sì gbójú sókè wo Smaranda. Ọ̀jọ̀gbọ́n súnmọ́ tábìlì, ó na ọwọ́.

"Jẹ́ kí n kàn fi iṣan kan hàn ọ́."

"Mo ti rí i, Ọ̀gá."

"Mo mọ̀ pé o ti rí i. Mú ọ̀bẹ wá."

Ó mú un fún un. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi kọ́ ọwọ́ náà láti máa mú un fúnni, ó ti fún un kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Àǹtí Profira fi irin há a lọ́wọ́ òsì, ó sì dì í mú. Ogún ìṣẹ́jú ni Ọ̀jọ̀gbọ́n lò, ó ń sọ bí ọ̀gá tirẹ̀ kò ṣe jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ọ̀bẹ títí òun fi pé ọdún mẹ́tàdínlógójì. Iṣẹ́ náà mọ́ tónítóní, kò sí ibi tí èèyàn lè bú. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́.

"Kọ orúkọ rẹ sí i, ọmọ mi."

Smaranda kọ ọ́, ọ̀gá sì fọwọ́ sí i; nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti wá bi í pé ìlérí ńkọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàlàyé láìjáfara. Màmá Aglaia ló wá sí ọ́fíìsì òun lọ́jọ́ Ajé, ó sunkún, ó gbé búrẹ́dì dídùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ yan wá. Ó ní bí orí kunkun ọkọ òun bá ti yan ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó kúkú jẹ́ ọwọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò kojú wákàtí burúkú náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí ni kí òun wá sọ fún ìyá arúgbó. Smaranda dúró níbẹ̀, inú ń bí i débi pé kò mọ ẹni tí yóò bínú sí. Ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ló lọ wá kiri, ọjọ́ náà gan-an ló sì pe ọ̀gá wá sí orí rẹ̀.

Lọ́sàn-án, ó lọ wo bàbá. Ó ti jí, ó jókòó, ó ń fi Smaranda yangàn fún gbogbo bẹ́ẹ̀dì tó kù. Ó ní ọmọbìnrin yìí ló la òun, pé kí wọ́n wá wo bó ṣe rí. Màmá Aglaia tẹjú mọ́ ilẹ̀.

"Dókítà, ṣé kì í ṣe ìlú tó wà lẹ́bàá ààlà ni wọ́n ní ẹ ń lọ?" bàbá béèrè. "Ibẹ̀ ni àbúrò mi ń gbé. Ìpá rẹ̀ tóbi ju tèmi lọ. Mo ti pè é lórí fóònù. Mo ní kó má wulẹ̀ wá sí Iași mọ́, kó dúró dè yín. Ó sì ti gbà."

Smaranda jáde níbẹ̀. Ó mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gba ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ tààrà. Ó gbé e ka iwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ fagi lé èyí tòní. Èmi kọ́ ni mo ṣe é."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́. "Bí mo bá fagi lé ọ̀kan, wọ́n á béèrè nípa ọgọ́ta tó kù. Wàá padà sí ọdún kìn-ín-ní. Ta wá ni kí wọ́n rán lọ sí ìlú yẹn? Nínú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ mi, ta ló mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ohun tí mo fẹ́ bi yín gan-an nìyẹn, Ọ̀gá."

Smaranda mú bíírò tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ṣí ojú ìwé kìn-ín-ní, ibi tí ọjọ́ ọdún márùn-ún sẹ́yìn wà, ó sì fa ìlà gba orúkọ ara rẹ̀ kọjá. Ọ̀jọ̀gbọ́n na ọwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba bíírò náà. Smaranda bọ́ sórí èkejì.