Ogun Tí Kò Lámì

…kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí, àbí kí n tún un kọ? "Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi ń mú un wá sí etígbọ̀ọ́ yín pé" — rárá. Ọ̀wọ̀ wo? Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ni mò ń wí, mi ò kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Aago kan ti lù. Aago méjì ni wọ́n máa pè wá sí yàrá ìpàdé, lẹ́tà mi sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn kí àbúrò mi tó ráyè la ẹnu dídùn rẹ̀ yẹn.

Àbúrò mi. Ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi, tí mo fọwọ́ ara mi mú wọ ibí yìí. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo ní, wò ó, kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló wà nílé ìwòsàn yìí, olórí òfo sì ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá tàn wọ́n láàárọ̀, wọn ò mọ orúkọ ara wọn, wọn ò mọ iṣẹ́ wọn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ńlá tó wà lẹ́yìn mi yìí ni wọ́n ti ń béèrè, òun ló sì ń fún kálukú ní fáìlì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀: ìwọ, ojú ewé báyìí ni kó o ṣí, ìwọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tọ̀hún ni kó o máa rán iṣẹ́ sí. Fáìlì kékeré, ìlà mẹ́wàá, méjìlá. Ṣùgbọ́n bí ìlà kan bá yẹ̀… Ó ń mi orí. "Ó ti yé mi, Ẹ̀gbọ́n mi." Ó yé e débi pé lọ́dún kẹta, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ẹ̀ka. Olórí ta ni? Olórí mi.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ó fata sẹ́nu.

Èmi náà ni mo sọ àwọn ẹ̀rọ yìí lórúkọ. Ní Yorùbá. Àwọn ti wọ́ọ̀dù ń jẹ́ òǹkà, ookan, eeji, eeta, lọ dé ogun àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó níṣẹ́ pàtàkì ń jẹ́ orúkọ iṣẹ́ wọn: eje fún yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oogun fún ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn. Kò sí àmì lórí ìkankan, ẹ̀rọ ńlá wa ti gbó, kì í gba àmì. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi í jọ̀gá gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká kúkú máa fi nọ́ńbà pè wọ́n. Àwọn orúkọ yìí jọra jù." Jọra! Mo ní wọn ò jọra, àfi lójú ẹni tí kò gbọ́ èdè bàbá ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo kórìíra ẹ̀rín yẹn. Ẹ̀rín ẹni tó ń ní sùúrù fún mi.

Ó dáa. Ìlà kejì. Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, má bú èébú. Láàárọ̀ òní, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ogún, ó ní kó tẹ orúkọ ọmọ kan jáde. Kò jáde. Ó tún un tẹ̀, kò jáde. Àṣé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lójú fèrèsé oògùn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun tí a gbé síbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ló ń pọ̀ ọ́ síta, orúkọ ọmọ ọdún mẹ́ta, apòògùn sì dúró tì í, orúkọ bàbá arúgbó kan ló ń retí. Ó já ìwé pélébé náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò bàbá. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ bàbá náà tó kà á. "Bàbá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún o! Ta ni ọmọ ọdún mẹ́ta tẹ́ ẹ kọ síbí?" Ká ní kò kà á ńkọ́? Ká ní ìgò ọmọ yẹn ni wọ́n lẹ orúkọ bàbá mọ́…

Ọ̀gá àgbà ò pariwo. "Ẹni tó fọwọ́ kàn án máa lọ sílé." Ó tán.

Ta ló fọwọ́ kàn án? Orúkọ kan ṣoṣo làwa méjèèjì fi ń wọlé sínú ẹ̀rọ ńlá, kò lè dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, àwa méjì la wà níbí. Èmi kọ fáìlì oògùn tuntun nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn, mo parí ẹ̀, mo lọ sílé. Lónìí mo ṣí fáìlì oògùn: ti àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Mo ṣí fáìlì ogún: iṣẹ́ mi ló nà gbalaja síbẹ̀! Ó gbé iṣẹ́ mi dà lé ti ogún lórí kí n lè tẹ́. Ó tiẹ̀ tún àkọlé kọ, ogun ló kọ síbẹ̀. Ogun náà ni. Òun ló gbé e dìde.

Bí mo bá tiẹ̀ ń ṣiyèméjì, ẹnu ara rẹ̀ ló fi mú ara rẹ̀. Ó ti ṣí fáìlì náà wò kí n tó dé. Ó wá sídìí tábìlì mi, kò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn pé èmi ni." Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ẹni tó ṣe é? Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlà kẹrin lẹ́tà.

Màmá wa pè lọ́sàn-án yìí. "Àbúrò ẹ ní kò sí nǹkan, àmọ́ ohùn ẹ̀ ò dáa. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́ o." Wọ́n. Èmi ni wọ́n, Màmá. Ta ló ń béèrè ohùn tèmi? Nígbà tí wọ́n ń pín ogún bàbá wa ńkọ́, tẹ́ ẹ ní kí àbíkẹ́yìn máa gbé tábìlì ìkọ̀wé lọ? Tábìlì tí èmi jókòó sí lálaalẹ́ tí bàbá ń fi bírò pupa gún ìwé mi: "Gbólóhùn tí kò ní àmì ìdúró ò tíì parí." Èmi ni wọ́n gún. Òun ń sùn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Ó kù díẹ̀ kó kan méjì. Ẹ̀rí ló kù. Kí n kọ àkọlé fáìlì náà síbẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kó má baà ní mo purọ́ mọ́ òun. "Ohun tó kọ sókè fáìlì ni:"

fun ogun.

Kí lèyí? Ọwọ́ mi ti fi àmì ìdúró sí i. Ìka mi ṣáà… mo fẹ́ pa á rẹ́. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni mo ní. Mo wo fáìlì náà.

Àmì ìdúró wà níbẹ̀.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń kà á. Mo ṣí ti eje, òun ló kọ ọ́: fun eje — kò sí àmì ìdúró. Mo ṣí eeji, òun náà ló kọ ọ́. Kò sí. Mo ṣí eesan. Kò sí. Kò fi àmì ìdúró parí nǹkan kan rí láyé ẹ̀, bàbá gan-an jáwọ́ lọ́rọ̀ ẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì… mò ń bá a jà nínú ọkàn mi, lórí ipò ọ̀gá tó gbà, lórí tábìlì bàbá, mo sì ń tẹ orúkọ. "O" kan ló sọnù. Oògùn ni mo fẹ́ kọ, ogun lọ́wọ́ mi kọ, iṣẹ́ mi bá bọ́ sórí fáìlì ogún.

Mi ò lọ sí yàrá ìpàdé. Lẹ́tà ṣì wà lójú ẹ̀rọ, ìlà kẹrin ń wò mí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn pé èmi ni." Ó ti ṣí fáìlì náà kí n tó dé. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rántí, kò rẹ́rìn-ín rárá.

Àga ẹ̀gbẹ́ tábìlì bàbá… Kò sùn. Gbogbo alẹ́ yẹn, ó ń gbọ́. Ó rí àmì ìdúró mi, ó sì mọ̀ ọ́n.