Àga Tó Ń Bá Àgbà Rìn

Kò sí irú irin tí Jórinjórin kò tíì jó rí. Ó ti jó géètì, ó ti jó irin fèrèsé, ó ti jó àkàbà fún àwọn akunlé, àwọn èèyàn sì máa ń sọ pé bí obìnrin yìí bá lẹ irin méjì pọ̀, ó di ọjọ́ àjíǹde kí wọ́n tó yà. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé o, ṣùgbọ́n orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀.

Àmọ́ géètì ti sú u. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni kó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí. Ọdún méjì ló fi bẹ ọ̀gá rẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí kì í yára gba nǹkan, kó tó fún un ní tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù.

"Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ń wá irin tí àwọn arúgbó á máa fara tì rìn," ni ọ̀gá wí. "Ogójì ni wọ́n fẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn náà ń ṣe tiwọn. Bí Mátírọ̀n tó ń bójú tó ibẹ̀ bá mú tiwa, tábìlì yẹn ti di tìẹ nìyẹn, ohun tó bá wù ọ́ ni kó o máa ṣe níbẹ̀. Bí kò bá mú un, o ti mọ ọ̀nà ìdí géètì."

Jórinjórin ṣe irin náà, ó sì dára, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, ọ̀dà tó ń dán, rọ́bà rírọ̀ níbi tí ọwọ́ yóò ti dì í mú. Òun fúnra rẹ̀ ló dán an wò. Ó fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún mọ́ pátákó kí orúnkún má baà ká, ó sì fi irin náà rìn yí ṣọ́ọ̀bù po nígbà mẹ́ta. Ẹ wo obìnrin tó ń gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ lé èjìká, òun ló ń ṣe bí arúgbó! Apá rẹ̀ ń gbé irin yẹn sókè bí ẹni gbé ìgbálẹ̀.

Nígbà tó sì jẹ́ ọlọ́gbọ́n èèyàn, ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun bi àwọn tó ni ìrìn. Ó gbé irin náà lọ sí ilé ìtọ́jú, ó mú ìwé kékeré kan dání. Àgbà méjìlá ló fi í rìn díẹ̀ lójú rẹ̀. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti ṣe tán, Jórinjórin á kúnlẹ̀, á bi í pé, "Ṣé ó dáa, mà? Ṣé ó dáa, sà?"

"Ó dáa gan-an, ọmọ mi. Wàá rí ẹni ṣe é fún ìwọ náà."

"Ọwọ́ rẹ kò ní gbẹ láéláé."

"Ọmọ tó gbọ́n! Iṣẹ́ rẹ á máa gòkè."

Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn, gbàdúrà tiẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro Jórinjórin ní ìkúnlẹ̀. Obìnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó délé tó ṣí ìwé, àdúrà méjìlá ló wà níbẹ̀, àbùkù kan ṣoṣo kò sí. Inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. Kò ronú pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ló rí, àti pé kò sí àgbà tó mọ ohun tó yẹ tí yóò máa ṣàbùkù ohun tí ọmọ ọlọ́mọ kúnlẹ̀ gbé síwájú òun.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí Mátírọ̀n yan èyí tó fẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Jórinjórin yà kí ìyá rẹ̀ àgbà, tó ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ aránṣọ ní ilé kan tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn. Irin àkọ́kọ́ tó ṣe, ìyá àgbà ló fún. Ó rí irin náà kó tó rí ẹni tó ni ín: ó wà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, aṣọ ìnura méjì àti ìborùn kan ni wọ́n sá sórí rẹ̀. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ láti yàrá. Ó di apá àga oníke funfun kan mú lọ́tùn-ún lósì, ó tẹ̀ ba lé e, ó ń tì í bọ̀ níwájú ara rẹ̀, gààrà, gààrà.

"Ìyá àgbà! Irin tí mo fún yín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀un, ọmọ mi. Ó dáa púpọ̀. Aṣọ ń tètè gbẹ lórí ẹ̀."

Ìbínú tó gba Jórinjórin lọ́kàn kì í ṣe kékeré. Iṣẹ́ oṣù mẹ́ta, àga oníke ló lé e kúrò nídìí iṣẹ́! Ó yí padà, ó ti dé ẹnu ọ̀nà, ló bá gbọ́ pé gààrà gààrà náà ti dákẹ́. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Ó bojú wẹ̀yìn. Ìyá àgbà ti jókòó sórí àga náà ní àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé bí ẹni tó ń wo ìgboro, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wà ní àyà, èémí rẹ̀ sì ń lọ sókè sódò. Ó jókòó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tún ń ti àga rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná.

Jórinjórin bọ́ bàtà rẹ̀.

"Mò ń dúró tì yín lónìí, Ìyá àgbà. Ẹ ṣe bí ẹni pé mi ò sí níbí."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe bí ẹni pé o ò sí níbí? Ṣé o kéré ni?"

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi jókòó sílẹ̀ ní igun ilé, ó pa ẹnu mọ́, ojú nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ó rí i pé apá àga náà ti rẹlẹ̀ jù fún ìyá àgbà, ìdí nìyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń tẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ àga tó yọ̀ lórí ilẹ̀ tútù lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó ka ìsinmi mẹ́ta láàárín yàrá àti ilé ìdáná, kò sì sí ọ̀kan tí ìyá àgbà kò fi nǹkan bò: níhìn-ín, ó ń wo ìgboro, lọ́hùn-ún, ó ń tún gèlè wé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, obìnrin ilé kejì wá kí wọn. Ìyá àgbà po tíì, ó gbé ife náà sórí ìjókòó àga, ó tì í díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé iwájú àlejò. Jórinjórin fẹ́ dìde ràn án lọ́wọ́, ìyá àgbà sì fi ojú lé e padà sí ìjókòó.

Nígbà tí àlejò lọ, ọ̀rọ̀ jáde.

"Irin rẹ gba ọwọ́ mi méjèèjì," ni ìyá àgbà wí. "Mo fẹ́ mu omi, àfi kí n pe ìyá rẹ. Bí ìyá rẹ bá jáde, òùngbẹ á máa gbẹ mí dìgbà tó bá dé. Mo wá dà bí àlejò nínú ilé ara mi. Àga yìí ń bá mi gbé tíì, bó bá sì rẹ̀ mí, mo jókòó."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ṣé o bi mí ni? O ní ṣé ó dáa. Ìwọ lo ṣe é, báwo ni kò ṣe ní dáa lójú mi?"

Ojú ti Jórinjórin, ó sì tún fẹ́ràn obìnrin náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i bó gun orí igi. Ẹ ò rí i pé lórí àga gan-an ni tiwọn ti ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù. Ó fi irin fífúyẹ́ jó àga tuntun, ó fi apá rẹ̀ sí ibi tí ọrùn ọwọ́ ìyá àgbà dé nígbà tó bá nàró. Ó ṣe etí yí ìjókòó po kí ife má baà yọ̀ ṣubú. Ó fi táyà kékeré sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé e wá.

"Ó ń sá lọ!" ni ìyá àgbà kígbe. "Ẹ bá mi dá a dúró!"

Jórinjórin yọ táyà ẹ̀yìn, ó fi rọ́bà tí kì í yọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ó gbé e lọ, ó gbé e bọ̀, ìgbà mẹ́rin. Ní ìgbà kẹrin, ìyá àgbà tì í wọ ilé ìdáná láìwo ilẹ̀, ó sì gbàgbé pé ẹnì kan ń ṣọ́ òun.

Ọ̀gá wò ó, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Mo ní kó o ṣe irin ìrìn, o wá ṣe àga. Ṣé káfíńtà la wá dà níbí ni?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ, sà."

Ní yàrá ìgbàlejò ilé ìtọ́jú, irin ṣọ́ọ̀bù kejì ń kọ mànà. Ó ní bíréèkì, ó ní aago kékeré, ẹni tó gbé e wá sì ní ẹnu ju aago lọ. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, Mátírọ̀n kọjú sí Tíṣà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Bàbá, ṣé àwọn méjèèjì dáa?"

Tíṣà ti ń la ẹnu àdúrà nígbà tí Jórinjórin dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bi wọ́n. Ẹ jẹ́ ká gbé tíì sórí tábìlì ọ̀hún, kí bàbá lọ gbé e wá."

Ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó dúró gbọn-in.

Tíṣà kọ́kọ́ fi irin ṣọ́ọ̀bù kejì lọ. Ó dé ìdí tábìlì, ó wo ife, ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó wà lórí irin, ó sì padà wá lọ́wọ́ òfo. Lẹ́yìn náà ó di apá àga Jórinjórin mú. Ó dé ìdí tábìlì, ó gbé ife sórí ìjókòó, ó ń bọ̀. Nígbà tó dé àárín yàrá, ó dúró. Ó mú ife lọ́wọ́, ó yí ẹ̀yìn padà, ó jókòó.

Ọ̀gá di ojú rẹ̀. Ẹni ṣọ́ọ̀bù kejì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan o?" ni Mátírọ̀n bi í.

"Kí ló fẹ́ ṣe mí? Tíì mi ni mò ń mu." Ó mu ún tán, kò kánjú. "Ìwọ ọmọ yìí, apá àga yìí ga jù fún mi. Bá mi gé e kù."

Jórinjórin kọ ọ́ sínú ìwé tayọ̀tayọ̀: àbùkù àkọ́kọ́ nìyẹn.

Tíṣà dìde. "Ẹ bu òmíràn sí i." Wọ́n bù ú. Ó gbé e sórí ìjókòó, ó kọjá Mátírọ̀n, ó kọjá ẹnu ọ̀nà, ó mú ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ pọ̀n.

"Bàbá, ibí ni ìdánwò parí sí o!"

"Mo gbọ́."

Mátírọ̀n dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó kù tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó sọ fún wọn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọ̀rẹ́ Tíṣà, awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ti wà lórí ìbùsùn ní yàrá tó gbẹ̀yìn fún oṣù mẹ́jọ, àti pé àwọn nọ́ọ̀sì ló ń bá àwọn méjèèjì gbé ìkíni lọ gbé e bọ̀. Tíṣà sinmi lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó wọlé.

"Tíṣà! Ta ló gbé ọ wá?"

"Ta ni ì bá gbé mi wá? Èmi ni mo wá. Gba tíì rẹ, kó má tutù."

Wọ́n dúró de bàbá kó gbé àga náà padà wá. Kò wá. Ẹ̀rín àwọn arúgbó méjì ni wọ́n ń gbọ́.

"Ẹ má dúró dè é mọ́," ni Mátírọ̀n wí, ó sì nu ojú rẹ̀. "Ogójì. Ẹ ka ti bàbá mọ́ ọn, torí mi ò mọ ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn."

Ọ̀gá wúkọ́, ó fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù òun, ṣùgbọ́n obìnrin kan ti bọ́ síwájú rẹ̀, orí rẹ̀ wú, ó gbé àyà sókè, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Èmi ni mo ṣe é," ni Jórinjórin wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó bi í.