Tí Kò Ń Tà

Ẹ̀gbọ́n mi Dáníẹ́lì ní òun yóò wá gbé kọ̀ǹpútà náà lọ ní ọjọ́ Sátidé. Mo ní kò ní gbé e.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ ẹ fún ara rẹ̀. Àṣà ni ó dì mú. Bí ọmọ bá ṣáájú òbí lọ, wọn kì í fi ẹrù ọmọ náà sílẹ̀ níwájú òbí. Wọ́n ti kó aṣọ Lois, ọmọbìnrin mi. Wọ́n ti kó bàtà rẹ̀, wọ́n sì ti yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri pálọ̀. Ní Mopa, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ni wọ́n sin ín sí. Wọn kò jẹ́ kí n tẹ̀lé wọn, títí di òní n kò mọ ibi tí sàréè rẹ̀ wà. Mo gbà fún wọn. Mo jókòó sílé ní Kabba bí wọ́n ṣe ní kí n jókòó. Ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí tipẹ́, nítorí náà èmi nìkan ni wọ́n ní láti fi nǹkan pamọ́ fún. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì nìkan ló kù, torí ọ̀kadà ni wọ́n gbé wá nígbà yẹn, ẹ̀rọ náà sì wúwo.

Inú rẹ̀ ni iṣẹ́ tí èmi àti Lois jọ ń ṣe wà. Kànga ẹ̀yìnkùlé wa ni. Ní àràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi, mo máa ń sọ okùn kan tí mo ta ní kókó sínú kànga, màá wá ka iye kókó tó gbẹ, kí n mọ bí omi ṣe jìn tó. Màá tẹ nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà bí Lois ṣe kọ́ mi. Òun ni ó kọ ètò tí yóò fi gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí ya ìlà kan ṣoṣo, tí yóò máa sọ̀kalẹ̀ bí omi bá ń sọ̀kalẹ̀, tí yóò máa gòkè bí omi bá ń gòkè.

“Bàbá, nọ́ńbà kì í yé yín,” ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. “Ẹ jẹ́ kí n yà á kí ẹ fojú rí i.”

Mo máa ń dá a lóhùn pé nọ́ńbà yé mi kí wọ́n tó bí i.

Ìgbà ìkẹyìn tó wálé, ó kọ ètò náà tán, ṣùgbọ́n àwòrán kò jáde. Ó ní wàhálà kékeré ni. Ó ní ẹ̀rọ ti ya ìlà náà tán nínú ara rẹ̀, fèrèsé tí yóò gbà fi hàn wá ni kò ní. Òun yóò tún un ṣe tí òun bá tún dé. Ibà mú un ní Mopa, kò dé mọ́.

Wọ́n fi sàréè pamọ́ fún mi. Mo pinnu pé màá rí ìlà náà.

Ní ọjọ́bọ̀ mo ránṣẹ́ pe Michael, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nídìí ọjà. Ó tan án, ó wò ó, ó fẹnu ṣe ṣìọ̀.

“Bàbá, irú èyí kì í ṣe ohun tí à ń lò níbí. Ẹ jẹ́ kí n fọ gbogbo inú rẹ̀ mọ́, kí n gbé Windows sórí rẹ̀ fún yín.”

“Tí o bá fọ inú rẹ̀, kí ni yóò kù níbẹ̀?”

“Kò ní ku nǹkan kan, sà. Yóò dà bí tuntun.”

“N kò wá tuntun.”

“Bàbá, ẹ̀rọ yìí ti—”

“Mo dúpẹ́, Michael. Máa lọ.”

Ní òwúrọ̀ Sátidé mo jókòó síwájú rẹ̀, mo pe ètò náà bí Lois ṣe kọ́ mi. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pupa tún dà sójú rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Mo kà á dé ìsàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mo lọ́ra bí ẹni tó ń ka ìwé ilé ẹjọ́. Ìlà tó gbẹ̀yìn sọ pé kò sí ohun kan tó ń jẹ́ tkinter.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù fi dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ̀gbọ́n mi sì wọlé.

“Okun o,” ó kí mi bí a ṣe ń kíni nílé wa.

“Okun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ káàbọ̀.”

“O kò tíì yọ wáyà rẹ̀?”

“N kò ní yọ ọ́.”

Ó fa àga, ó jókòó tì mí. Dáníẹ́lì ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú, ẹnu rẹ̀ sì mú ju etí lọ. “Ìwọ ọmọ yìí,” ó wí, èmi tí irun orí mi ti funfun tán, “kí ni nǹkan yìí ń sọ tí ojú rẹ̀ fi pọ́n bẹ́ẹ̀?”

“Ó ní kò sí ohun kan. T, k, i, n, t, e, r.”

Ó pè é lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Tí-kò-ń-tà! Ìbítóyè, ṣé o gbọ́? Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọjà tí kò ń tà ni. Palẹ̀ rẹ̀ mọ́!”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Lois, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́, mo sì gbé e mì. Mo mú fóònù, mo pe Rejoice, olùkọ́ tí òun àti Lois jọ wà ní yàrá kan náà ní Mopa. Mo sọ orúkọ nǹkan náà fún un bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe pè é.

Rejoice tún un pè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó ní, “Áà! Bàbá, fèrèsé yẹn gan-an nìyẹn. Òun ló máa ń ṣí fèrèsé tí àwòrán ń gbà yọ. Kì í bá Páítọ̀n, èdè tí Lois fi kọ ètò yẹn, wá lórí irú ẹ̀rọ yín, ẹ máa ní láti fi sí i fúnra yín ni. Ṣé détà wà lórí fóònù yín?”

“Ó wà.”

“Kí ni ó pè é?” ẹ̀gbọ́n mi bi mí. “Páítọ̀n kẹ̀? Ṣé kì í ṣe òjòlá nìyẹn? Òjòlá lẹ gbé sínú ilé?”

Mo so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà. Rejoice pe ọ̀rọ̀ àṣẹ tí yóò mú un wọlé fún mi ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Mo gbàgbé àmì kékeré tó wà láàárín, ẹ̀rọ ní òun kò mọ ohun tí mò ń wí. Mo tún un tẹ̀. Ó béèrè páswọ́ọ̀dù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí tẹ orúkọ ìyá Lois, Zipporah, òun ni a fi ń ṣí i. Ohun kankan kò hàn lójú rẹ̀.

“Rejoice, ó ti kú.”

“Kò kú, Bàbá. Kò ní hàn, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ tán.”

Awakọ̀ fọn fèrè níta. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó na ọwọ́ sí wáyà tó wà lára ògiri.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kàn án.”

“Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ gba aṣọ rẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Ẹ gba fọ́tò rẹ̀. Ẹ ní n kò gbọdọ̀ rí ibi tí ó sùn sí, mo gbà. Èyí, ẹ kò ní gbà á. Tí ẹ bá yọ wáyà yẹn, èmi náà yóò yọ ẹsẹ̀ mi nínú ìpàdé ẹbí títí n ó fi kú.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró sójú afẹ́fẹ́. Mo tẹ orúkọ ìyàwó mi tán, mo tẹ bọ́tìnì ńlá. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sáré lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó dúró, mo pe ètò Lois.

Fèrèsé kan ṣí.

Ìlà aláwọ̀ búlúù ni. Ó wà ní òkè nígbà òjò, ó rọra ń wálẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ dé, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lọ ni ó ti gé. Lókè rẹ̀ ni Lois kọ ọ́ sí: Kànga Bàbá.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ síwájú, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí ìlà gé. “Omi ti tán níbẹ̀ ni?”

“Rárá. Ọjọ́ tí wọ́n pè wá láti Mopa ni. N kò sọ okùn mọ́ láti ọjọ́ yẹn.”

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó ní, “Àgbà kì í jogún ọmọ, Ìbítóyè.”

“N kò jogún. Iṣẹ́ tí a jọ dá sílẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú wa kò sí mọ́, èkejì ṣì wà.”

Mo dìde, mo mú okùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Òjò ti rọ̀ lóṣù yìí. Mo sọ okùn sísàlẹ̀, mo fà á padà. Mo ka kókó, mo ṣì í kà, mo tún un kà, mo tún ṣì í.

“Gbé e wá,” ẹ̀gbọ́n mi wí lẹ́yìn mi. N kò mọ̀ pé ó tẹ̀lé mi. Ó gba okùn náà, ó fi àtàǹpàkò wọ́ ọ lọ lókòókan, ó sì sọ iye kókó tó gbẹ. Ó kéré sí ti ọjọ́ tí mo ti kà gbẹ̀yìn.

Mo padà sínú ilé, mo tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀, mo tún pe ètò náà. Ẹ̀rọ kò fi nǹkan kan dí àlàfo àwọn ọjọ́ tí n kò sọ okùn. Ó kàn fa ìlà gígùn kan ré kọjá lórí rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Fèrè ọkọ̀ tún dún. Ẹ̀gbọ́n mi yọ orí síta lójú fèrèsé.

“Máa lọ!” ó pariwo sí awakọ̀. “Kò sí ẹrù kankan níbí.” Ó wá yíjú sí mi, ó ń ká okùn náà mọ́ apá rẹ̀. “Lọ́la ńkọ́? Aago mélòó lo máa ń sọ ọ́?”

“Kí ẹnikẹ́ni tó fa omi,” mo dá a lóhùn.