Ẹni Tí Inshirah Pè Létí Òkun

Iṣẹ́ ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi lọ Àǹtí Inshirah, òṣèré. Àlejò ni yóò jẹ́ nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo Kairo ń wò lẹ́yìn ìṣínu nínú ààwẹ̀ ọdún náà. Yóò ṣe ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ bá ọkọ̀ rì, yóò dúró létí òkun, yóò pe ọmọ náà, ó parí. Èmi tí mò ń bá a ṣe irun ni mo rọ̀ ọ́ kó gbà á. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é síṣẹ́.

Ó sì ṣe é. "Sabri! Máa bọ̀ nílé, ọmọ mi! Iná wa ò tíì kú o!" Àwọn tó gbé kámẹ́rà pàápàá ń nu ojú.

Ọjọ́ kejì tí eré náà jáde, obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe irun. Rashid ló ti wá, níbi tí odò Náílì ti ń wọ òkun. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ pe Sabri?"

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ó rò pé olólùfẹ́ eré òun ni. "Èmi ni o. Ṣé ó dùn mọ́ yín?"

"Ó ti dé."

"Ta ló dé?"

"Ọmọ mi. Sabri ni tèmi náà ń jẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sí Ítálì ló dojú dé, a ò rí òkú rẹ̀ sin. Bẹ́ ẹ ṣe pè é tán lánàá ni ilẹ̀kùn mi ṣí. Ó wà lórí ẹní rẹ̀ báyìí. Kò jẹ, kò mu, omi ń ro lára rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pè é, ẹ wá sọ fún un kó máa lọ."

Mo dá sí i. "Màmá, eré mà ni. Ẹlòmíì ló kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún wọn."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ṣé Sabri mọ̀ pé eré ni?"

Mo rò pé Àǹtí yóò ní kí n mú un jáde. Ìbòrí rẹ̀ ló nawọ́ mú.

A dé Rashid nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí òórùn ẹja díndín ń jáde láti ilé àwọn ará àdúgbò. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí ẹní náà. Ṣùgbọ́n ó tutù rinrin, omi ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ó ń rùn bí òkun. Mo wo òkè, òrùlé kò jò. Orí mi wú.

Àǹtí Inshirah, tí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀, ń kólòlò. "Sabri... èmi kọ́ ni ìyá ẹ. Jọ̀ọ́, má bínú. Máa lọ sinmi."

Ìyá Sabri mi orí. "Kò tiẹ̀ wò yín. Èmi ló ń wò."

Àǹtí kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ohùn yín ló ń retí, Ìyá Sabri. Mo kàn yá a lò ni."

"Tí mo bá lé e, ta ni mo tún ní?"

Wọ́n pe ìrun, àsìkò ìṣínu tó, kò sẹ́ni tó bu omi mu. Ìyá Sabri bá jókòó sínú omi ilẹ̀ yẹn, ó na ọwọ́ bí ẹni tó gbé orí ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìparí rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́: "Máa lọ, ọkọ mi. Mo ti rí ẹ. Ó tó."

Ilẹ̀kùn tí mo fọwọ́ ara mi tì ṣí. Nǹkan tútù kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Nígbà tí mo máa wò ó, apá aṣọ mi ti rin.

Igbe tí obìnrin náà ké kò ṣeé sọ. Ó ń lu Àǹtí láyà, Àǹtí sì jẹ́ kó lù ú. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, Àǹtí fi dàbínù ìṣínu sí i lẹ́nu bí ọmọdé.

Eré yẹn sọ Àǹtí di ìlú-mọ̀ọ́ká. Gbogbo àwọn tó ń gbé eré jáde ló fẹ́ kó wá sunkún ọmọ fún àwọn, kò gbà fún ẹnì kankan. Ó mú Ìyá Sabri wá sílé rẹ̀ ní Kairo, ibẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé títí dòní. Wọ́n máa ń jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀, ẹ ó rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ń rọ̀, àwọn méjèèjì a máa wo ilẹ̀kùn.