Ọmọ Ọjọ́ Ẹtì, Ìwé Ọjọ́ Àìkú

Ìlà gùn ní bodè Aflao láàárọ̀ Àbámẹ́ta yẹn, oòrùn sì ti ń mú, síbẹ̀ ijó ló ń jẹ Mama Kafui lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Afi ló ti ń sọ pé òun yóò fi Lomé han ọmọ náà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni: kí wọ́n jẹ búrẹ́dì gígùn, kí wọ́n rìn létí òkun, kí wọ́n sì padà sí Accra. Mawuli ọmọ rẹ̀ ti gba yàrá sílẹ̀. Sena ìyàwó Mawuli ti ra bàtà tuntun. Afi, ọmọ ọdún márùn-ún, di ọwọ́ ìyá àgbà mú, àwọn méjèèjì sì ń fi orin tí Mama dá sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ tẹ ilẹ̀:

*Ta ló dé lọ́jọ́ Ẹtì?*
*Afi ló dé!*
*Òjò ń rọ̀, ó dé,*
*Iná kú, ó dé,*
*Afi ló dé!*

Àfi bí Sena ṣe ṣí ìwé ìrìnnà ọmọ náà wò, tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

"Mama, ìwé wo lẹ mú?"

"Ìwé Afi ni. Èyí tó wà nínú agolo."

"Méjì ló wà nínú agolo, Mama! Ti Kosiwa lẹ mú!"

Mama Kafui kò mọ̀wé. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì ló fẹ́ bu ọlá fún un, ni oníkálukú bá fi orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ sọ ọmọbìnrin tirẹ̀: Rejina Agbeko níbí, Rejina Agbeko lọ́hùn-ún. Nílé, ta ni yóò máa pe Rejina? Orúkọ ọjọ́ tí ọmọ bá wọ ayé ni à ń pè é. Afi ọmọ Mawuli dé lọ́jọ́ Ẹtì, Kosiwa ọmọ arákùnrin rẹ̀ dé lọ́jọ́ Àìkú, oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n orúkọ ìrìbọmi nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé. Àwòrán inú rẹ̀ sì rèé, ọmọ ọwọ́ tí kò ní eyín. Ta ló mọ ọmọ ọwọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì?

"Ẹ má pariwo," Mawuli sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Orúkọ kan náà ni. Afi, bí wọ́n bá bi ọ́, Rejina lo ń jẹ́. Ṣé o gbọ́?"

"Rejina kẹ̀? Orúkọ Mama nìyẹn!"

"Afi!"

Ó kàn wọ́n. Ọ̀gá aṣọ́bodè náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wo ìwé, ó wo ọmọ, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "Ìyá kékeré, ọjọ́ wo lo wá sáyé?"

Ìkìlọ̀ bàbá fò lọ lórí Afi. Ó ṣí ẹnu, ó fi orin dáhùn: "Ta ló dé lọ́jọ́ Ẹtì? Afi ló dé!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fa fóònù rẹ̀ yọ, ó wá ọjọ́ ìbí tó wà nínú ìwé lórí kàlẹ́ńdà rẹ̀, ẹ̀rín sì kú lójú rẹ̀.

"Àìkú ni ọjọ́ yìí. Ẹ̀yin ará mi, ta ló bímọ lọ́jọ́ Àìkú tó pè é ní Afi? Ọmọ ta nìyí?"

"Ọ̀gá, orin ọmọdé ni," Mawuli sọ. Òógùn ti bò ó. "Rejina ni. Ọmọ mi ni."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan gbé ọmọ ọlọ́mọ dé iwájú mi níbí. Òun náà ní ọmọ òun ni." Ó ṣẹ́wọ́ sí ọlọ́pàá obìnrin kan. "Mú un wọlé. Títí Ọjọ́ Ajé, tí àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé yóò fi dé."

Ọwọ́ kékeré yẹn yọ́ kúrò lọ́wọ́ Mama. Sena bú sẹ́kún. Mama Kafui sún mọ́ ọ̀gá náà.

"Ọ̀gá, dúró," ni ó wí. "Ọmọ mi purọ́ fún ọ."

"Mama!"

"Pa ẹnu ẹ dé, Mawuli. Irọ́ rẹ ló ń gbé ọmọ wa lọ yẹn. Ọ̀gá, èmi tí mi ò mọ̀wé ni mo mú ìwé tí kì í ṣe tirẹ̀. Rejina mẹ́ta ló wà nílé wa, èmi ni àkọ́kọ́. Wo ìwé tèmi."

"Ẹ ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí ni mo fẹ́ fi mọ̀ pé èyí kì í ṣe ìkejì?"

"Gba fóònù Mawuli. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o pe ilé, kí fóònù máa fi ojú wọn hàn ọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní sọ̀rọ̀."

Ó pè. Ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè. Ilẹ̀kùn tí Afi gbà wọlé ti sé. Nígbà kẹta, ojú ọmọdé kan yọ, abolo tí wọ́n fi àgbàdo sè kún un lẹ́nu.

"Ìwọ ta ni?" ọ̀gá bi í.

"Kosiwa. Ìwọ ńkọ́? Fìlà yẹn tóbi ju orí ẹ lọ."

Ẹnìkan fi ikọ́ bo ẹ̀rín lẹ́yìn. Ọ̀gá fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. "Orúkọ ìrìbọmi rẹ ńkọ́?"

"Rejina. Afi náà, Rejina. Mama náà, Rejina. Ó ti sú mi!"

"Pe ìyá rẹ. Kí ó gbé agolo ìwé wá."

Ìyá Kosiwa ṣí ìwé kejì síwájú fóònù. Ọmọ ọwọ́ míì, kò léyín bákan náà. Ọ̀gá ń wá ọjọ́ inú rẹ̀, Mama Kafui tí orin kì í tán lẹ́nu rẹ̀ sì ń wá ẹyọ kan láti fi gbé ọkàn rẹ̀ ró, kò rí.

"Ẹtì," ni ọ̀gá wí.

Wọ́n mú Afi jáde, ó ń jẹ bisikíìtì ọlọ́pàá. Sena gbá a mọ́ra títí ó fi ní wọ́n ń fún òun lọ́rùn.

"Ọmọ yín ni," ọ̀gá sọ. "Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ wà ní Accra. Kò lè kọjá. Bí ọkọ̀ ìdájí ọ̀la bá gbé e dé, ẹ wá bá mi. Ìwọ bàbá ọmọ, má tún kọ́ ọmọ yẹn ní irọ́ mọ́. Kò mọ̀ ọ́n pa."

Mawuli fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀. Mama já a léèékánná ní apá. "A ti gbọ́, ọmọ mi. O ṣeun."

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n jókòó sórí iyanrìn ní ìhà ti Ghana, wọ́n ń jẹ ẹja díndín. Àwọn ilé Lomé hàn kedere lẹ́yìn odi, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka aṣọ tí wọ́n sá.

"Mama, búrẹ́dì yẹn ńkọ́?"

"Ó di ọ̀la."

"Lọ́la, ṣé Rejina ni mí àbí Afi?"

Mama Kafui pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e: "Ta ló dé lọ́jọ́ Ẹtì?"

Afi bojú wẹ̀yìn wo bodè ná. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì dáhùn láti abẹ́ ọwọ́ náà, jẹ́jẹ́: "Afi ló dé."